Tẹríba fún Abẹ

Abẹ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí yàtọ̀ sí abẹ fẹ́lẹ́ inú páálí tí à ń fi gé èékánná. Abẹ àtijọ́ ni, irin kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn rẹ̀ ki, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń ká padà sínú èkù rẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó tán. Bó bá wà ní kíká, ọmọdé lè gbé e kiri ilé. Bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á dákẹ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ irin yìí lọ́kàn, nítorí pé nínú gbogbo ohun èlò tí bàbá ń gbé lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, òun ni ìdí rẹ̀ ṣòro jù láti wá. Bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn mọ̀ pé bí ọmọ bá ṣubú, orúnkún ọmọ ni yóò bó, ẹkún ọmọ náà ni yóò sì sun. Abẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi abẹ fá orí fún aráyé, ara ẹlòmíràn ni yóò ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá sì ń fi fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, ibi tí iṣan ńlá gbà gòkè lọ sínú orí ni yóò máa wọ́ irin gbà láràárọ̀. Kí ni bàbá rí tó fi gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ṣe é kà?

Inú iṣẹ́ ni ìtumọ̀ ń gbé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an. Kí abẹ tó kan ara, awọ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Wọ́n á so awọ gígùn kan mọ́ ògiri, wọ́n á fà á le, wọ́n á tẹ́ abẹ lé e. Ẹ̀yìn irin ni yóò máa ṣíwájú, ẹnu rẹ̀ á máa tẹ̀lé e, àlọ àti àbọ̀. Bí wọ́n bá dé ìpẹ̀kun awọ, orí ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti ń yí i padà; ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ yí i, awọ ló gé, abẹ á sì kú. Lórí òkúta ìpọ́nbẹ, òdì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ẹnu ló ń ṣíwájú níbẹ̀. Ọmọ tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò fi ìṣẹ́jú kan ba iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí irun lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dẹ abẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ọgbọ̀n dígíríì, ọwọ́ kejì á fa awọ ara díẹ̀ díẹ̀. Gbólóhùn kan sì wà tí olùkọ́ abẹ kì í yé tún sọ: má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo irin náà ti tó.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti ju ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń kọ́ ọmọkùnrin ni bí a ti ń lo agbára: gbé e, fà á, tì í, dì í mú dáadáa. Àdá ń fẹ́ agbára, ọkọ́ ń fẹ́ agbára, àáké ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi agbára lo abẹ, abẹ á jẹ ẹ́ níyà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí iṣan apá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, tó ń wá ibi tí yóò ti lò ó, òun gan-an ni wọ́n mú wá síwájú dígí pé kó wá kọ́ bí ènìyàn ti ń di ohun tó mú jù nínú ilé mú láì fi tipátipá ṣe é. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọn kò tíì kọ́ èyí, tí wọ́n sì ń darí ènìyàn.

Irin tó dára tó èyí tí irú abẹ yìí ń fẹ́ kò wọ́pọ̀ láyé àtijọ́. Láàárín àwọn ọdún 1740 ni Benjamin Huntsman, ẹni tó ń ṣe aago, rí ọ̀nà láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ nítòsí Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin líle fún aago ló ń wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe abẹ náà jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ó ṣe é pọ́n fẹ́lẹ́ láì tètè kú. Sheffield àti Solingen ní Jámánì ni abẹ tó lórúkọ jù ti ń wá láyé ìgbà náà. Ọlọ́rọ̀ a máa ra méje nínú àpótí kan, orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ á wà lẹ́yìn irin kọ̀ọ̀kan, kí abẹ Mọ́ńdè lè sinmi títí di Mọ́ńdè mìíràn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í bá olówó rẹ̀ wọ sàréè, ọmọ ló ń jogún rẹ̀.

Àwọn kan sì ti ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1770, Jean-Jacques Perret, oníṣẹ́ ọ̀bẹ ní Paris, tẹ ìwé kan jáde láti kọ́ ọkùnrin bí yóò ṣe fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ láìpe onígbàjámọ̀. Ó tún wo ìfági gbẹ́nàgbẹ́nà, bí igi ṣe bo irin rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló yọ díẹ̀, ó sì fi igi bo abẹ bákan náà. King Camp Gillette ló wá já okùn ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Ó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ tí à ń sọ ojú rẹ̀ nù sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1901. Ní 1903 tó kọ́kọ́ tajà, abẹ 51 àti ojú abẹ 168 péré ni wọ́n rà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, ìjọba ra irú abẹ yìí tó ju mílíọ̀nù 3 lọ fún àwọn sójà. Ọmọ tó kúrò nílé láìtíì ní irùngbọ̀n padà dé pẹ̀lú abẹ tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lò.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn ọkùnrin yìí. Gillette kan náà ló kọ ìwé kan ní 1894, The Human Drift, níbi tó ti ń wàásù pé kí ìdíje òwò parẹ́, kí àwọn ará Amẹ́ríkà kó jọ sínú ìlú ńlá kan ṣoṣo lẹ́bàá ìtàkìtì omi Niagara. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ìlú náà. Abẹ tí à ń lò tí à ń sọ nù ló fi sílẹ̀ fún aráyé.

N kò sí lára àwọn tó ń dá a lẹ́bi. Ọmọ tí kò ní bàbá nílé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òǹrorò, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí irùngbọ̀n tó hù sí i lágbọ̀n, gbogbo wọn ni abẹ olówó pọ́ọ́kú yẹn gbà sílẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ kan wà tí kì í bá a wá nínú páálí. Irun àwa ènìyàn dúdú ń ká. Bí abẹ bá gé e wọlé ju awọ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ á hù padà sínú ara, ibẹ̀ á wú, á di kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Abẹ olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń polówó ló máa ń fà á jù, torí pé ojú tó ṣíwájú á fa irun jáde, èyí tó tẹ̀lé e á gé e, irun náà á sì sá padà sábẹ́ awọ. Bàbá tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ti yọ lẹ́nu rí yóò sọ fún ọmọ pé kó máa fá a bí irun ṣe dojú kọ, kó má fa awọ le jù, kó sì fi díẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kí àgbọ̀n òun dán lónìí yóò máa yún un lọ́la. Lára tirẹ̀ ni bàbá ti kọ́ ọ.

Nílẹ̀ Hausa, iṣẹ́ ìran ni abẹ. Onígbàjámọ̀ tí a mọ̀ ní Sábó Ìbàdàn, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní 1916, tó ń gbé àpò awọ kọ́ èjìká kiri, ọmọ onígbàjámọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Zabira ni wọ́n ń pe àpò yẹn. Abẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ìpọ́nbẹ àti ìwo tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè wá fá orí ọmọ ọjọ́ méje, òun náà ló ń dá adọ̀dọ́ fún ọmọkùnrin. Iṣẹ́ tí ènìyàn jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ wọn, karda. Èyí tí ènìyàn kàn wọnú rẹ̀ láti ìta ní tirẹ̀, shigege. Wọ́n kì í pa wọ́n pọ̀.

Àwọn Hausa yìí sì ní òwe kan tí mo fẹ́ràn: onígbàjámọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n sín òun ní gbẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ni òwe náà kọ́kọ́ ń pa ènìyàn, nítorí pé a mọ irú wọn. A mọ olùkọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n dán òun wò, a mọ ọ̀gá tó ń gé owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ tó sì ń fi kún tirẹ̀, a mọ olóṣèlú tó ní kí aráàlú mú sùúrù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tún un rò, ẹ̀rín náà á dínkù. Ẹni tó mọ bí abẹ ṣe ń ta jù ni kò fẹ́ kó kan òun. Ṣé ojo ni, àbí ìmọ̀? Bó bá jẹ́ ìmọ̀, kí ló dé tí ìmọ̀ náà kò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tó bá kan ẹlòmíràn?

Lókè òkun, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil dáhùn òwe yìí láìgbọ́ ọ rí. Nínú ilé ẹ̀sìn òrìṣà wọn, tí wọ́n ń pè ní Candomblé, ẹni tí òrìṣà bá mú yóò wọ yàrá lọ, wọ́n á fá orí rẹ̀ kodoro, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́ lórí, á sì máa jẹ́ ìyàwó fún ọdún 7 ó kéré tán. Bí ọdún yẹn bá pé tó sì ti ṣe gbogbo ètò tó yẹ, á kúrò ní ìyàwó, á di ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n yàn pé kó la ilé tirẹ̀, wọ́n á gbé igbá lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, abẹ àti àlùmọ́gàjí wà nínú ohun tí wọ́n ń gbé fún un. Ọjọ́ yẹn ló tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fá orí ẹlòmíràn. Ẹni tí wọn kò fá lórí rí kò gbọdọ̀ fá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sì fá orí rẹ̀ di bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ títí ayé, bó tilẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. (Ìyá gan-an ló pọ̀ jù. Ní àwọn ilé àgbà ní Salvador, bíi Casa Branca, Gantois àti Opô Afonjá tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, obìnrin ló ń jókòó lórí àga. Ẹni tó bá rò pé láàárín bàbá àti ọmọkùnrin nìkan ni abẹ ti ń kọjá, kó lọ bi wọ́n níbẹ̀.)

Òfin wọn yìí ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìmọ̀ kò tó láti fún ènìyàn láṣẹ abẹ. Ẹni tí orí rẹ̀ ti wà lábẹ́ irin rí, tó mọ bí ó ti rí láti jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn máa pinnu, òun ni kó dìde wá gbé irin. Àwọn ará Bahia sọ ọ́ di òfin. Ọ̀pọ̀ bàbá kàkiri ayé ń ṣe é láì pè é lórúkọ.

Àwa náà ní tiwa. A ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ọmọ jòjòló tí wọ́n gbé jáde wá fárí, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kò sì mọ ohun kan. Bàbá ló dúró nípò olórí. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, wọ́n a máa wọn irun náà, wọ́n a fi iye fàdákà tó tẹ̀wọ̀n tó o ṣe sàráà. Kí ọmọ náà tó mọ orúkọ ara rẹ̀, bàbá ti yọ̀ǹda orí rẹ̀ fún abẹ, láì bi í. Bàbá tó bá wá pe ọmọ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ṣí abẹ, tó gbé e lé e lọ́wọ́, gbèsè ló ń san. Ó ń dá àṣẹ orí padà fún olórí: láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa pinnu ohun tí irin yóò ṣe lára rẹ. Mo rò pé ohun tó ń ba àwọn bàbá lẹ́rù nìyí ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọmọ bá ti lè fá àgbọ̀n ara rẹ̀ láìfarapa, bàbá ti di ẹni tí a lè ṣe láìsí.

Ọ̀nà míì ṣì wà tí gbèsè náà ń gbà padà. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi, èmi ni mo wá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun nígbà tí òun bá ń jẹun ni. Ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó dijú. Bí mo bá dé ibi gògóńgò, á kọ́kọ́ gbé itọ́ mì, á wá dúró gbọn-in títí n ó fi kọjá. Ẹnu rẹ̀ wúwo nígbà náà, síbẹ̀ "má tẹ̀ ẹ́" rẹ̀ já geere. Mo ti ń fá irùngbọ̀n tèmi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí bí ó ti gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn bàbá tó ń fún ọmọ ní ogún pẹ̀lú ojú mìíràn. Àwọn kan á fi ọmọ jẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì tọ́jú ìwé ìṣirò owó sábẹ́ ìrọ̀rí ara wọn. Òmíràn á fi ọmọ joyè, kò ní jẹ́ kó dá ọ̀rọ̀ kan sọ níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé èkù abẹ fún ọmọ, wọ́n yọ irin inú rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò lè fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ tó kọ́, kò tíì fa ohunkóhun lé ọmọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ogún kì í ṣe ire nìkan. Ní Sheffield láyé àtijọ́, eruku ni àwọn tó ń lọ irin lórí òkúta ń fà símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà. Ọmọ ń gba ìjókòó bàbá, ó sì ń gba ikọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Nílẹ̀ wa níbí, ìdílé olóòlà ń fa abẹ fún ọmọ láti ìran dé ìran. Wọ́n kọ àbàjà, wọ́n kọ kẹ́kẹ́, wọ́n kọ gọ̀ǹbọ́ àti pélé, wọ́n sì mọ bí a ti ń fi omi ìgbín tu ojú egbò. Àwọn àgbà ní oró là ń dá tí a fi ń kọlà, tó bá jinná tán ló ń doge. Ọ̀pọ̀ òbí ti dáwọ́ dúró kí òfin tó dé. Nígbà tí òfin dé, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ó ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀. A sì ti wá mọ̀ pé abẹ kan tó ń ti orí dé orí lè gbé kòkòrò éèdì àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sínú ti ẹlòmíràn. Ọmọ olóòlà òde òní jogún abẹ tí kò ní ojú tí yóò kọ.

Àwọn kan á ní àṣà ló kú yẹn. N kò gbà. Ẹ ro ti olóòlà kan tí bàbá rẹ̀ kọ ojú rẹ̀, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú àìmọye ọmọ, tó wá fi abẹ pamọ́ tó sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ló parí sí. Ó gbọ́ oró irin náà lójú ara rẹ̀, ó mọ iye tí oge náà ná ènìyàn. Àṣẹ tó fi gbé abẹ náà ló fi sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì jogún ẹ̀kọ́ náà pé ọwọ́ tó mọ bí a ti ń gé gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kò ní gé. Bàbá tó kó abẹ àti iṣẹ́ fún ọmọ láì ronú, tí kò bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà náà ṣì dára, kò ṣe ju pé ó gbé ẹrù lé ọmọ lórí lọ.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lágbọ̀n, ẹ má kàn fún un lówó pé kó lọ sọ́dọ̀ agẹrun. Ẹ pè é wá síwájú dígí ní àárọ̀ Sátidé kan. Ì báà ṣe abẹ oníèkù, ì báà ṣe abẹ fẹ́lẹ́, èyí tí ẹ bá ní ti tó, kó sáà ti jẹ́ ojú tuntun tí kò kan ara ẹnikẹ́ni rí. Ẹ po ọṣẹ, ẹ jókòó, ẹ gbé àgbọ̀n sókè, kí ó kọ́kọ́ fá tiyín kí ó tó fá tirẹ̀.